Itan Àgbò àti Búrẹ́dì Sájẹ́ntì Yínúsà

Tó o bá fẹ́ sín Sájẹ́ntì Yínúsà jẹ dáadáa, ohùn wọn kọ́ lo máa kọ́kọ́ mú. Ọrùn ni. Wàá na ọrùn, wàá gbé àgbọ̀n sókè bíi pé ẹnì kan ń fi rúlà wọ̀n ọ́, wàá wá sọ̀rọ̀ bíi pé ẹni tó ò ń bá sọ̀rọ̀ wà ní òdìkejì pápá, bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ẹ ló jókòó sí: "Ta ló gbé ṣíbí onígi mi? Kó dá a padà kí n tó bínú." Wọn kì í bínú o. Láti ìgbà tí a ti jọ ń gbé ilé fésì-mì-áì-fésì-yù yẹn ní Okokomaiko, tí ilẹ̀kùn wa kọjú sí ilẹ̀kùn wọn, mi ò rí i kí wọ́n bínú rí. Wọ́n kàn máa ń sọ pé àwọn máa bínú ni.

Sójà ni wọ́n, àmọ́ kì í ṣe sójà oníbọn. Kúùkù ni wọ́n ní báráàkì Ọ̀jọ́ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Tí àwọn ọkùnrin ilé wa bá fẹ́ fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n á ní, "Sájẹ́ntì, èèyàn mélòó lẹ pa lójú ogun?" Sájẹ́ntì á na ọrùn: "Mi ò pa ẹnì kankan. Àwọn tó ń pa èèyàn, ta ló ń fún wọn lóúnjẹ?" Ọ̀rọ̀ pin nìyẹn.

Láyé Ṣàgàrí ni ìjọba kó wọn lọ sí Lẹ́bánónì, àwọn àti sójà oríṣiríṣi ìlú, gbogbo wọn dé fìlà búlúù, kí wọ́n lọ dúró sáàárín àwọn tó ń jà. Ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè wọ́n ní Bàbá Lẹ́bánónì. Àgọ́ àwọn òyìnbó Áílàǹdì ò jìnnà sí tiwọn níbẹ̀. Kúùkù àwọn yẹn, ọkùnrin pupa kan tó sanra tó ń jẹ́ Dẹ́kílánì, ló wá di ọ̀rẹ́ wọn. Sájẹ́ntì ò gbọ́ òyìnbó ẹ̀ dáadáa, òun náà ò gbọ́ ti Sájẹ́ntì, ṣùgbọ́n kúùkù méjì ò nílò gírámà. "Òun á tọ́ka sí ìkòkò, èmi á tọ́ka sí iyọ̀." Tí wọ́n bá ń ṣe Dẹ́kílánì fún wa, imú ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀, ó sì máa ń yára bíi ẹ̀rọ ìránṣọ: "Nó pẹ́pà, Yúnús, nó pẹ́pà." Èmi náà ti mọ̀ ọ́n ṣe. Mo lè ṣe ohùn òyìnbó tí mi ò rí rí, látẹnu Sájẹ́ntì.

Oúnjẹ tí wọ́n kọ́ lọ́wọ́ Dẹ́kílánì ni wọ́n ń sè lọ́dọọdún tí Iléyá bá dé. Ẹran àgbò, pòtétò, àlùbọ́sà, kárọ́ọ̀tì àti táímù, gbogbo ẹ̀ nínú omi kan náà, kò sí epo, kò sí ata. Wọ́n á tún gún pòtétò míì, wọ́n á po kábéèjì mọ́ ọn, wọ́n á gbẹ́ kòtò sáàárín ẹ̀, bọ́tà á máa yọ́ níbẹ̀. Wọ́n á yan búrẹ́dì tí kò ní yíìsì: sódà àti nọ́nọ̀ kíkan, tí wọ́n ń rà lọ́wọ́ àwọn obìnrin Fúlàní lẹ́yìn báráàkì, ló ń mú un wú. Ìkòkò irin ni wọ́n fi ń yan án, ẹyin iná lábẹ́, ẹyin iná lórí ọmọrí. Wọ́n á wá ṣe kéèkì dúdú kan tó kún fún èso gbígbẹ. Ọtí ni Dẹ́kílánì fi ń rẹ èso yẹn. Sájẹ́ntì, mùsùlùmí ni wọ́n, Lípítìnnì ni wọ́n fi ń rẹ tiwọn. Dẹ́kílánì máa ń fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sí kábéèjì. Sájẹ́ntì ń fi ọ̀rá àgbò sí i. Wọ́n ní gbogbo ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ wà nínú oúnjẹ náà làwọn ti fọ̀ mọ́. Ó ku ibì kan tí wọn ò rí.

Kò sẹ́ni tó ń bá wọn jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ Iléyá, òórùn ata á gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, kálukú á máa wúkọ́, á máa sín. Ti Sájẹ́ntì nìkan ni ò ní ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Ìyá Ẹkúndayọ̀, ará ilé wa kan, tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan. Ó ní, "Sájẹ́ntì, ẹ ṣé gan-an. Ọjọ́ tí wọ́n bá yọ mí léyín, màá padà wá." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gba àwo lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n wọlé. Láti ẹnu ọ̀nà wa, mo máa ń rí wọn: tábìlì kékeré, àwo méjì, ṣíbí méjì. Wọ́n á jẹ ti àwo kan tán, wọ́n á wo èkejì fúngbà díẹ̀, wọ́n á dà á padà sínú ìkòkò.

Títílayọ̀, ọmọ wọn, ló ni àwo kejì.

Nígbà tí wọ́n wà ní Lẹ́bánónì, ìyá Títílayọ̀, Àrínọlá, dúró dè wọ́n títí ó fi sú u. Ó kó jáde ní báráàkì, ó lọ fẹ́ káfíńtà kan ní Ajangbadi tó ń jẹ́ Ògúnbíyìí. Kò sẹ́ni tó sọ fún Sájẹ́ntì. Wọ́n gbé báàgì dé, kọ́kọ́rọ́ wọn ò ṣí ilẹ̀kùn; ìyàwó sójà míì ló jáde wá, tó ní, "Ta lẹ̀ ń wá, sà?" Wọn ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn náà, Àrínọlá bímọ tuntun, èéyi sì mú Títílayọ̀, ni ìyá ẹ̀ bá gbé e wá sí báráàkì kó má baà kó o ran ọmọ ọwọ́. Gbogbo ẹnu ọmọ náà ti bó. Kò lè gbé nǹkan mì. Sájẹ́ntì se ẹran àti pòtétò Dẹ́kílánì fún un, wọ́n gún un kúnná, wọ́n ń fi ṣíbí kan tí kò ju ọmọ ìka lọ bọ́ ọ. Ìyẹn ló jẹ. Ó ń jẹ ẹ́ títí ara ẹ̀ fi yá, wọ́n wá mú un padà lọ.

"Ó ní, 'Bọ̀ọ̀dá sójà, ẹ bù sí i.'" Bí Sájẹ́ntì ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn. Wọ́n á fi ohùn ọmọdé sọ ọ́. Ohùn yẹn ò jọ ohùn ọmọdé rárá, ó dà bíi ti ewúrẹ́ tó mutí, ṣùgbọ́n èmi ò fi ìyẹn ṣẹ̀fẹ̀ rí. Bọ̀ọ̀dá ló pè wọ́n. Nígbà yẹn, kò tíì mọ̀ pé bàbá òun ni.

Títílayọ̀ dàgbà, ó fẹ́ Àdìó, paná-bítà tó ní ṣọ́ọ̀bù létí títì wa níbí, ọmọ Alhaji Àsánì. Mùsùlùmí sì ni wọ́n, wọ́n mọ àṣà. Tó o bá fẹ́ ọmọ ọlọ́mọ, lọ́jọ́ Iléyá, ilé àna ẹ ni itan àgbò ẹ kan ń lọ. Wàá gbé e sínú báàfù, wàá fi aṣọ bò ó, ìyàwó ẹ á rù ú la àdúgbò kọjá, kí gbogbo ayé rí i pé ẹni tó bí ọmọ yìí ń jẹun ọmọ. Lọ́dọọdún, itan Àdìó, ọ̀dọ̀ Ògúnbíyìí ló ń lọ. Òun ló tọ́ ọmọ, òun ló jókòó sága bàbá ìyàwó lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Tí ìyá mi bá fẹ́ dá sí i, Sájẹ́ntì á na ọrùn: "Ẹni tó bọ́ adìẹ ló ni ẹyin." Ajangbadi ò jìnnà o. Tó o bá mú àgbàdo sísun kan dání láti Okokomaiko, o ò ní jẹ ẹ́ tán kó o tó débẹ̀.

Ọdún tí sójà gbé ìjọba padà fún alágbádá, Ògúnbíyìí kú. Nígbà tí Iléyá tó tẹ̀ lé e ń sún mọ́lé, Títílayọ̀ wá sílé wa, ó pọn ọmọ. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí.

"Ẹ káàsán, sà."

"Títílayọ̀. Wọlé."

"Mò ń yára ni, sà. Àdìó ní kí n sọ fún yín pé Iléyá yìí, ọ̀dọ̀ yín la máa gbé itan wá. Bàbá ọkọ mi náà á bá wa wá, kí wọ́n wá mọ̀ yín."

Sájẹ́ntì bi í: "Ṣé wàá jẹun níbí?"

Ó wo ilẹ̀. "Tí ẹ bá sè."

"Màá sè."

Bó ṣe lọ tán, wọ́n sọdá wá bá ìyá mi. "Ìyá Wúràọlá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní tábìlì yín lọ́jọ́ ọdún. Àlejò mi ti ju àwo méjì lọ." Èmi ni Wúràọlá.

Ọjọ́ Iléyá pé. Wọ́n kírun ní Yídì, wọ́n dé, wọ́n pa àgbò wọn, àgbò kan báyìí tí ajá aládùúgbò ga jù lọ. Nígbà tí ẹran ti wà lórí iná, wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń ṣe búrẹ́dì. Wọn ò pò ó bí àwọn oníbúrẹ́dì ṣe ń pò ó. Wọ́n kàn kó fúláwà náà jọ jẹ́jẹ́ bíi ẹni tó ń gbé ọmọ tuntun, wọ́n yí i róbótó. Wọ́n wá mú ọ̀bẹ, wọ́n gé orí ẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n tún gé e láti ọ̀tún dé òsì.

"Kí lẹ̀ ń gé e fún?"

"Kí iná lè wọ inú ẹ̀. Tó ò bá gé e, ẹ̀yìn á jóná, inú á tutù. Dẹ́kílánì ló kọ́ mi. Tó bá sì jinná, á pín sí mẹ́rin fúnra ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní jà." Wọ́n fi ìka tí fúláwà ti bò tọ́ka sí i níkọ̀ọ̀kan. "Èmi. Títílayọ̀. Àdìó. Alhaji."

Èmi ò ro nǹkan kan sí i. Ìyá mi ló ń rò ó láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun ni ìyá mi ń lọ, wọ́n sì ń rí àmì níbi gbogbo. Tí aláǹgbá bá já bọ́ látòkè àjà, wọ́n á bi í pé kí lo wá sọ. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ rí àgbélébùú lórí búrẹ́dì yẹn ni wọ́n ti gbà pé Sájẹ́ntì ti di ti Jésù ní kọ̀rọ̀, pé ẹ̀rù àwọn ará mọ́ṣáláṣí ló ń ba bàbá náà. Wọn ò sọ fún Sájẹ́ntì. Wọ́n kàn ń gbàdúrà fún un lọ́jọọjọ́ Jímọ́ọ̀, ọjọ́ tí Sájẹ́ntì ń lọ kírun.

Lẹ́yìn ìrun Alásárì ni àwọn àlejò dé. Alhaji Àsánì ló ṣíwájú pẹ̀lú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́. Tí Alhaji bá fẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n á kọ́kọ́ họ ọ̀nà ọ̀fun, tí wọ́n bá sọ ọ́ tán, wọ́n á tún họ ọ́, bíi ẹni tó ṣílẹ̀kùn tó tún ti ilẹ̀kùn. Àdìó tẹ̀ lé wọn. Títílayọ̀ ló kẹ́yìn, ọmọ lẹ́yìn, báàfù lórí, aṣọ lórí báàfù. Gbogbo ilé ti jáde. Sájẹ́ntì dúró ṣánṣán bíi pé ọ̀gágun ló ń bọ̀ wá wo báráàkì. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gba báàfù náà lórí ọmọ wọn, wọ́n ká aṣọ ojú ẹ̀, wọ́n wo itan náà, wọ́n dá aṣọ padà. Ọrùn tí wọ́n máa ń nà yẹn wálẹ̀ díẹ̀.

Wọ́n jókòó sídìí tábìlì wa. Sájẹ́ntì bu ọbẹ̀ fún Alhaji ṣáájú.

"Hẹ̀m. Sájẹ́ntì, ṣé ẹ gbàgbé ata ni? Hẹ̀m."

"Kì í ní ata, Alhaji. Bí wọ́n ṣe ń sè é ní Áílàǹdì nìyẹn."

"Áílàǹdì. Àwọn tó ni Áríṣì tí wọ́n ń tà lọ́jà?"

"Àwọn náà ni."

"Hẹ̀m. Kò burú. Dókítà náà ti ní kí n dín ata kù. Hẹ̀m."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Àdìó ń jẹ lọ ní tiẹ̀. Títílayọ̀ fi ṣíbí kan sẹ́nu, ẹnu ẹ̀ dúró. Ó wo inú àwo bíi ẹni tí wọ́n pe orúkọ ẹ̀ látọ̀nà jíjìn.

"Mo mọ oúnjẹ yìí," ó ní.

"Mo mọ̀ pé o mọ̀ ọ́n," Sájẹ́ntì dá a lóhùn. Wọ́n dìde kíá, wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ gbé búrẹ́dì.

Wọ́n gbé e wá nínú aṣọ funfun kan tí etí ẹ̀ pupa. Wọ́n ṣí i. Búrẹ́dì náà ti wú dáadáa lọ́jọ́ yẹn, ibi tí wọ́n gé sì ti la gbàgà. Àgbélébùú ẹnubodè ṣọ́ọ̀ṣì ìyá mi ò tó o.

Alhaji gbé ọwọ́ kúrò lórí tábìlì. "Hẹ̀m. Kí nìyí?"

"Búrẹ́dì ni, Alhaji."

"Mo rí i pé búrẹ́dì ni. Kí ló wà lórí ẹ̀?"

Sájẹ́ntì wò ó. Mo lè búra pé ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ rí i. "Ojú iná ni, Alhaji. Kó lè jinná."

"Ojú iná. Àdìó, ṣé ìwọ náà rí ojú iná?"

Àdìó ń wo àjà.

Ọ̀rọ̀ náà ì bá ti parí síbẹ̀. Sájẹ́ntì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé Dẹ́kílánì, wọ́n ti ń fọwọ́ júwe ìkòkò. Ṣùgbọ́n ìyá mi wà lẹ́nu ọ̀nà, inú wọn ń dùn, wọ́n rò pé wákàtí ti tó.

"Alhaji, ẹ dákun, ẹ má bá wọn jà," ni ìyá mi wí. "Ó ti pẹ́ tí Jésù ti mú wọn. Ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe àmì yẹn, àwa la mọ̀."

Sájẹ́ntì sọ ọwọ́ tí wọ́n fi ń júwe ìkòkò kalẹ̀.

"Ìyá Wúràọlá," Sájẹ́ntì ní, ohùn wọn ò sì ti òdìkejì pápá wá mọ́, "ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?"

"Ẹ má sẹ́ ẹ, bàbá. Pétérù náà sẹ́ ẹ, ó padà sunkún."

Alhaji dìde. "Hẹ̀m. A dúpẹ́. A ti jẹun."

"Alhaji, Ọlọ́run ń gbọ́, Yídì ni mo ti kírun láàárọ̀ yìí."

"Mi ò bá yín jà. Kò sí tipátipá nínú ẹ̀sìn. Ṣùgbọ́n itan Iléyá, a kì í gbé e síwájú àgbélébùú. Hẹ̀m. Títílayọ̀, gbé báàfù."

Títílayọ̀ ò dìde. Ó wo ọkọ ẹ̀. Ojú Àdìó ti kúrò lára àjà, bàtà ara ẹ̀ ló ń wò báyìí. Nígbà tó ṣe, Títílayọ̀ dìde, ó gbé báàfù sórí, wọ́n bá tò jáde bí wọ́n ṣe tò wọlé. Àwa tí a wà lọ́dẹ̀dẹ̀ fara lé ògiri kí wọ́n lè kọjá.

Wọ́n ti dé ẹnu géètì kí Títílayọ̀ tó sọ pé bàtà ọmọ òun já bọ́. Ó gbé báàfù fún ọkọ ẹ̀, ó padà wọlé. Irọ́ ni. Bàtà méjèèjì wà lẹ́sẹ̀ ọmọ yẹn, mo fojú mi rí i. Ó lọ sídìí tábìlì, ó ya ìdá kan lára búrẹ́dì náà, ó fi aṣọ funfun yẹn wé e, ó tì í bọ inú ọ̀já, sí ẹ̀gbẹ́ ìdí ọmọ. Sájẹ́ntì dúró létí fèrèsé.

"Bàbá," ó ní. Kò fi sà kún un. "Mo ti rí bàtà náà."

Ó lọ.

Sájẹ́ntì nu tábìlì wa mọ́ tónítóní, wọ́n gbé e padà fún wa. Ìyá mi sunkún lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tó yá, wọ́n lọ bá Alhaji ní Ajangbadi láti lọ sọ pé àṣìṣe tàwọn ni. Alhaji fún wọn lómi mu. "Hẹ̀m. Màmá, olóòótọ́ èèyàn lẹ jẹ́. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi yín purọ́. Hẹ̀m." Bí wọ́n ṣe padà délé nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan láàárín ọdún yẹn, lọ́jọ́ lásán tí kì í ṣe ọdún, mo bá Sájẹ́ntì tí wọ́n ń yan búrẹ́dì, róbótó, tí kò sí nǹkan kan lórí ẹ̀.

"Ẹ ò gé e."

"Mo fẹ́ wò ó ni."

Wọ́n gbé e kalẹ̀, wọ́n bù ú. Ẹ̀yìn ẹ̀ ti jó dúdú, inú ẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ bíi ẹ̀kọ. Wọ́n jẹ díẹ̀ níbẹ̀. "Dẹ́kílánì ò parọ́," wọ́n ní, wọ́n bá kó ìyókù fún adìẹ.

Iléyá tún dé. Ilé ń wúkọ́, ilé ń sín. Sájẹ́ntì ti gbé ẹran kaná, àwo méjì wà lórí tábìlì kékeré, búrẹ́dì wà nínú tíréè tí wọ́n ti yí i róbótó, ọ̀bẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Wọn ò gé e, wọn ò sì gbé e sínú ìkòkò. Wọ́n kàn jókòó tì í. Ẹyin iná ti ń di eérú.

Awakọ̀ kan wọlé, Ládépọ̀, oníbàárà tí Àdìó máa ń bá tún mọ́tò ṣe. Láílọ́ọ̀nù dúdú wà lọ́wọ́ ẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ̀ ń jẹ́ Bàbá Lẹ́bánónì?"

"Èmi ni."

"Ìyàwó Àdìó ní kí n fi èyí lé yín lọ́wọ́. Ó ní kí n má gba iwájú ṣọ́ọ̀bù ọkọ òun kọjá."

Sájẹ́ntì tú u. Kì í ṣe itan. Ègé ẹran kan ni, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, irú èyí tí obìnrin lè yọ nínú ìpín tiẹ̀ láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè. Lábẹ́ ẹ̀, nínú láílọ́ọ̀nù míì, aṣọ funfun elétí pupa yẹn wà níbẹ̀, Títílayọ̀ ti fọ̀ ọ́, ó ti lọ̀ ọ́, ó ká a sí mẹ́rin.

Wọ́n mú aṣọ náà dání pẹ́. Wọ́n wá gbé e sórí itan wọn, wọ́n mú ọ̀bẹ, wọ́n gé orí búrẹ́dì láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n gé e láti ọ̀tún dé òsì.

"Bàbá, mo fẹ́ máa lọ o. Mo gbé mọ́tò sílẹ̀ lójú títì."

"Jókòó." Ohùn òdìkejì pápá ti dé. Ládépọ̀ jókòó.

Wọ́n kó ẹyin iná tuntun sórí ọmọrí. Ládépọ̀ ń mi ẹsẹ̀, ó ń wo ẹnu ọ̀nà, ó ń mí èémí gígùn kí wọ́n lè gbọ́. Wọn ò gbọ́. Nígbà tí búrẹ́dì jinná, wọ́n ya ìdá kan, wọ́n fi aṣọ náà wé e, wọ́n gbé e fún un.

"Kí ni kí n sọ fún un?"

Wọ́n rò ó. "Sọ fún un pé kó jẹ ẹ́ kó tó tutù."

Nígbà tó lọ, wọ́n sọ ẹran Títílayọ̀ sínú ìkòkò, wọ́n dúró kó jinná. Wọ́n bu oúnjẹ sí àwo méjèèjì, wọ́n sì jẹ tiwọn tán. Mo ń retí kí wọ́n da èkejì padà. Wọ́n fà á mọ́ra, wọ́n na ọwọ́ sẹ́yìn ibi tí wọ́n ń kó abọ́ sí, wọ́n mú ṣíbí kékeré kan tí kò ju ọmọ ìka lọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi jẹ ẹ́, díẹ̀díẹ̀.